Láti Ìrìn Ọjọ́ Mẹ́tàlá dé Ìrìn Wákàtí Mẹ́fà

Àwọn baba wa kì í fi máìlì díwọ̀n ọ̀nà. Bí a bá bi wọ́n léèrè bí ìlú kan ti jìnnà tó, iye ọjọ́ tí a ó fi rìn dé ibẹ̀ ni wọn yóò sọ. Mo fara mọ́ ìṣirò wọn, nítorí pé ìlú méjì kì í kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n àkókò tí ó wà láàárín wọn a máa yí padà. Ẹ jẹ́ kí a fi Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù ṣe àpẹẹrẹ.

Oko Ọba, lẹ́bàá Agége, ni mo dàgbà sí. Ìró ọkọ̀ òfuurufú tí ń gbéra ní Ìkẹjà kì í ṣe àjèjì létí wa. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń lọ kàwé ní ìlú ọba ní 1954, Àpápá ni a ti sìn wọ́n. Ọkọ̀ ojú omi Aureol ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ni wọ́n wọ̀. Ọkọ̀ náà a máa yà ní Takoradi, ní Freetown àti ní Las Palmas, kí ó tó gúnlẹ̀ sí Liverpool lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlá. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tún wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Lóòótọ́, bàálù ti wà nígbà náà. Ní 1936 ni ilé-iṣẹ́ Imperial Airways ti so Kánò àti Èkó mọ́ Khartoum, tí lẹ́tà sì ń gba Íjíbítì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbà ogun Hitler ni a la pápá Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ òfuurufú ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Nígbà tí ìyá wọn papòdà ní 1957, wáyà tí a tẹ̀ tètè dé Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ẹni tí a tẹ̀ ẹ́ sí kò lè dé Oko Ọba. A sin ìyá láìsí àkọ́bí wọn nítòsí.

Bàálù jẹ́ẹ̀tì ni ó gba èrò lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi. Aureol pa ọ̀nà Èkó tì ní 1974. Ní 1979 ni a ṣí ilé èrò tuntun ní Ìkẹjà, tí a fi orúkọ Murtala Muhammed pè. Lónìí, nǹkan bí kìlómítà 5,000 ni bàálù ń fò láti Ìkẹjà dé Lọ́ńdọ̀nù, wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ sì ni ó sábà máa ń gbà. Ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrí sí àríwá tààrà, ó ré aṣálẹ̀ Sahara àti òkun Mediterranean kọjá. Ìdí nìyí tí aago ìlú méjèèjì fi máa ń dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tí tiwọn sì ń fi wákàtí kan péré rẹ̀yìn nígbà òtútù. Ẹni tí ó jẹ oúnjẹ àárọ̀ ní Agége lè jẹ talẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní 2019, ìyá tèmi náà ṣaláìsí. Lọ́ńdọ̀nù ni àbúrò mi obìnrin wà. Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ péré ni ó wà láàárín òun àti pósí ìyá wa. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tí ì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́; bí ó bá jáde, kò ní lè padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ojú fóònù ni ó ti wo ìsìnkú. Ní 2023 ni ó tó dé, tí ó dúró létí ibojì.

Mo wá rí i pé ìṣirò àwọn baba wa ṣì péye. Ọ̀nà kan náà ni: ó jẹ́ ìrìn ọjọ́ mẹ́tàlá fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ó jẹ́ ìrìn wákàtí mẹ́fà fún ẹni tí owó àti ìwé rẹ̀ pé, ó sì di ìrìn ọdún mẹ́rin fún àbúrò mi. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Wọn kò sọ iye ọjọ́ tí yóò gbà á kí ó tó dé.