ILÉ OÚNJẸ NI GBỌ̀NGÀN WA ÀKỌ́KỌ́
Ìtàn Bùkà Àwọn Yorùbá ní Ìlú Jọ́ọ̀sì

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn bí àwọn baba wa ṣe dé Jọ́ọ̀sì, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀bù ni a máa ń dárúkọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí àlejò máa ń kọ́kọ́ jókòó sí kí ó tó mọ ọ̀nà ilé ẹnikẹ́ni, tí a kì í sì í kọ sínú ìwé ìrántí. Ibẹ̀ náà ni bùkà olóúnjẹ. Nítorí ibẹ̀ ni a ṣe kọ ìtàn yìí.

BÍ A ṢE DÉ ORÍ ÒKÈ YÌÍ

Kùsà ni ó pe ènìyàn jọ síhìn-ín. Láìpẹ́ lẹ́yìn ọdún 1900 ni àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí wa tánganran lórí òkè yìí. Ní ọdún 1914, ojú irin kékeré kan láti Zaria dé Jọ́ọ̀sì àti Bukuru. Ẹni tí ó bá wọ rélùwéè ní Òṣogbo, ní Ọ̀ffà tàbí ní Ìlọrin yóò gba Jẹ́bà, yóò gba Minna àti Kàdúná, yóò dé Zaria, ibẹ̀ ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀ wọ ọkọ̀ kékeré náà. Ní ọdún 1927 ni ojú irin ńlá gba Kafanchan wọ Jọ́ọ̀sì. Nígbà tí ó di ọdún 1957, wọ́n ti ojú irin kékeré yẹn pa.

Rélùwéè kò gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá rárá. Àwọn ará ibẹ̀ ní láti kọ́kọ́ wá ọkọ̀ dé ìlú mìíràn kí wọ́n tó rí rélùwéè wọ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, àwọn ni wọ́n wá pọ̀ jù lọ nínú àwọn oníṣòwò wa níhìn-ín, pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀ffà àti Ìlọrin. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kò ní kí ẹni má rìn jìnnà.

Àpọ́n ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ dé, àwọn mìíràn sì fi aya sílẹ̀ nílé. Akọ̀wé wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè wà níbẹ̀, káfíńtà, télọ̀ àti àwọn tí ń ta aṣọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìlú yìí ga ju òkun lọ ní nǹkan bí mítà 1,200, òtútù ọyẹ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe eré. Ọkùnrin tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní alẹ́ ọyẹ́, tí kò mọ ẹnì kan, tí kò gbọ́ Hausa, kí ni yóò jẹ? Àwọn obìnrin wa ni ó dáhùn ìbéèrè yẹn.

ORÚKỌ TÍ A YÁ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ́ńbélé ni bùkà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bukka ni àwọn Hausa ń pe ahéré tí a fi koríko tàbí pòròpórò àgbàdo ṣe. Ní abẹ́ irú ahéré bẹ́ẹ̀ ni àwọn olóúnjẹ ń pàtẹ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà àti ibùdókọ̀, títí orúkọ ahéré fi di orúkọ ilé oúnjẹ. Bí a ṣe yá kùsà náà nìyẹn láti inú kuza, tí a fi ń sọ̀rọ̀ ìwakùsà títí di òní. Ẹ wò ó: ọ̀rọ̀ tí ó gbé wa wá síhìn-ín àti ọ̀rọ̀ tí ó bọ́ wa nígbà tí a dé, ẹnu aládùúgbò ni a ti gba méjèèjì. Ẹni tí ó bá ń sọ pé a kò ní nǹkan kan pọ̀ pẹ̀lú àwọn tí a jọ ń gbé, kí ó rántí èyí nígbà tí ó bá ń fọwọ́ kan àmàlà.

OHUN TÍ WỌ́N FI ṢE É

Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré láti se oúnjẹ ilé ní ẹ̀yìn odi. Elùbọ́ kì í ti ibí wá; inú àpò ni ó ń gbà dé nínú rélùwéè láti ilé. Iṣu ń gòkè wá láti ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ lápá Shendam. Àwọn obìnrin wa bá irú lọ́jà, ṣùgbọ́n daddawa ni wọ́n gbọ́dọ̀ pè é kí wọ́n tó rí i rà. Wọ́n bá ẹwédú níbẹ̀ pẹ̀lú, ayoyo ni àwọn Hausa ń pè é, ẹni tí ó bá sì ti gbọ́ ọ̀ọ́yọ́ lẹ́nu ará Èkìtì yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra wọn. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin Berom ni wọ́n ti ń ra ẹ̀fọ́ tútù àti acha, ọkà wẹ́wẹ́ orí òkè yìí tí àwọn onílẹ̀ fi ń se gwote. Ọ̀dùnkún òyìnbó tí ó ń ṣe dáadáa nínú òtútù níhìn-ín náà wọ inú àwo wa.

Gbẹ̀gìrì ni ó dán wọn wò jù. Níbi tí ilẹ̀ bá ga báyìí, omi a máa hó kí ó tó gbóná tó ti Ìbàdàn tàbí ti Èkó, nítorí náà ẹ̀wà kì í tètè rọ̀. Obìnrin tí ó bá fẹ́ kí gbẹ̀gìrì rẹ̀ kúnná kí òṣìṣẹ́ àárọ̀ tó dé ní láti dáná nígbà tí àkùkọ kò tíì kọ, kí ó fi káún díẹ̀ sí i, kí ó sì jókòó ti igi ìdáná nínú ọyẹ́. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ tán, tí ó nu ẹnu, kò lè mọ iye oorun tí ó wà nínú abọ́ yẹn.

IBI TÍ A TI Ń JẸUN NÍ JỌ́Ọ̀SÌ

Àlejò tí ó bá dé ìlú yìí láyé ọjọ́un, tí ó fẹ́ jẹ oúnjẹ tí kò ní í gbàgbé, ọ̀nà mẹ́ta ni ó ní. Èkíní ni Hill Station Hotel, tí ó ti wà láti ìgbà ìjọba òyìnbó, níbi tí a ti ń fi ṣíbí àti fọ́ọ̀kì jẹun lórí tábìlì tí a tẹ́ aṣọ funfun sí.

Èkejì ni ilé oúnjẹ Bight of Benin nínú ọgbà Mùsíọ́mù. Bernard Fagg ni ó dá Mùsíọ́mù Jọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ọdún 1952. Ní àwọn ọdún 1970, Zbigniew Dmochowski, ayàwòrán ilé ọmọ ilẹ̀ Poland, yàwòrán àwọn ilé àtijọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kí a lè kọ́ irú wọn sínú ọgbà náà. A kọ́ ilé oúnjẹ yìí bí ilé ìjòyè Bìní, oúnjẹ ilẹ̀ wa ni a sì ń tà níbẹ̀. Ó jẹ́ ohun ìwúrí pé a ka oúnjẹ ilẹ̀ wa sí ohun tí ó yẹ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ẹ̀kẹta ni bùkà àwọn ìyá wa, ní àyíká Terminus àti ní ibùdókọ̀. Bẹ́ńṣì gbọọrọ ni ìjókòó. Kò sí aṣọ lórí tábìlì, ṣùgbọ́n bí o bá wọlé, ìyá olóúnjẹ yóò kọ́kọ́ bi ọ́ pé, "Ọmọ mi, níbo ni o ti wá?" kí ó tó bi ọ́ iye tí o fẹ́ jẹ. Méjì tí a dárúkọ ṣáájú kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè yẹn.

IṢẸ́ TÍ BÙKÀ ṢE FÚN WA

Láti orí ìbéèrè yẹn ni ohun gbogbo ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ní Ìkìrun ni, yóò na ọwọ́ sí ará Ìkìrun tí ó ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́. Kí o tó jẹun tán, o ti rí ibi sùn, bóyá o sì ti gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń wá òṣìṣẹ́. Lẹ́tà láti ilé ń dé sí bùkà, akọ̀wé tí ó bá ń jẹun lọ́wọ́ a sì kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé. Láyé tọ́rọ́ àti sísì, kí náírà tó dé ní ọdún 1973, ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì wọlé a jẹun àwìn, ìyá a sì fa ìlà sára ògiri. Níbẹ̀ ni a ti ń dá èsúsú. Níbẹ̀ ni a ti ń gbọ́ pé ará wa kan ń ṣàìsàn, a ó sì kó owó jọ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹgbẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ará wa. Ohun tí a ń fi ìwé òfin àti àga oyè ṣe lónìí, orí bẹ́ńṣì ni a ti kọ́ ọ.

Kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń jẹ níbẹ̀. Awakọ̀ Hausa, oníṣòwò Igbo, òṣìṣẹ́ Berom, gbogbo wọn ni wọ́n mọ orúkọ ẹwédú.

OHUN TÍ Ó TI Ń LỌ

Rélùwéè kò kó èrò wá mọ́ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọjà ńlá Terminus, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1985, jóná ní oṣù kejì ọdún 2002, àwọn olóúnjẹ tí ó ń bọ́ àwọn ọlọ́jà sì túká. Rògbòdìyàn ọdún 2001, ti 2008 àti ti 2010 mú kí àdúgbò pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹlòmíràn kò fi lè jókòó mọ́ níbi tí baba rẹ̀ ti ń jẹun. Nígbà tí bẹ́ńṣì kan bá kúrò nílẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni a pàdánù. Ibi tí ọ̀tá ti lè di ojúlùmọ̀ ni a pàdánù.

Àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò fi ìwé sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ sí ibi àgbà ń rè. Àwọn tí ó jẹ oúnjẹ wọn náà ń darúgbó, bí wọ́n bá sì lọ tán, kò sí ẹni tí yóò lè dárúkọ wọn.

Ẹ̀BẸ̀ WA

Nítorí náà, a bẹ ẹgbẹ́ ní ohun méjì. Ìkíní, kí gbọ̀ngàn tí a ń kówó jọ fún lónìí má ṣe jẹ́ ti àga àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn nìkan. Kí a kọ́ ilé ìdáná gidi sí i, tí àlejò tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò ti lè jẹun. Ìkejì, nígbà tí a bá ń kọ orúkọ àwọn tí ó fi owó ṣe ìrànlọ́wọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn, kí a fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ àwọn ìyá olóúnjẹ. Kí olúkúlùkù padà sílé lónìí, kí ó béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé rẹ̀ pé, "Ta ni ó kọ́kọ́ fún yín ní oúnjẹ ní Jọ́ọ̀sì?" kí ó sì mú orúkọ náà wá fún akọ̀wé. Wọ́n fa ìlà sára ògiri fún gbèsè wa nígbà kan. Ó tó àkókò kí a kọ orúkọ tiwọn sára ògiri tiwa.

Kí Ọlọ́run bùkún ìnáwó yìí. Kí Ó fún ìlú Jọ́ọ̀sì ní àlàáfíà, kí ebi má ṣe pa wá ní àjò, kí àjò má sì gbàgbé ilé. Àṣẹ.