Ọba Kì Í Mú Ọ̀kọrin

Ní ọdún tí ó kọjá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ṣe eré kan. Olùkọ́ kan wà nínú eré náà tí ìwé tí ó fi ń kọ́ni ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí aáyán ń jáde nínú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí, àfi ìgbà tí mo rí i pé èmi ni gbogbo ènìyàn yíjú wò. Inú bí mi. Mo délé, mo mú kálàmù, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé sí àwọn àgbà ẹgbẹ́ pé irú eré bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wáyé mọ́. N kò tí ì kọ ìlà mẹ́ta tí mo fi rántí pé àwọn tí ó jù mí lọ ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn baba wa ti ṣe é. Ní Ìbàdàn, bí ọjọ́ Òkèèbàdàn bá pé, ọmọdé a máa kọrin bú àgbà, a máa dárúkọ ohun tí a kì í dárúkọ, àgbà a sì rẹ́rìn-ín. Ní Kétu àti Ìmẹ̀kọ, ẹ̀fẹ̀ a jáde lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a júbà àwọn ìyá, a sì fi orin tú àṣírí olè, ahun àti ìjòyè tí ń ni ará ìlú lára. Kò sí ẹni tí í mú un. Ṣùgbọ́n kí a má parọ́ mọ́ àwọn baba wa: wọn kò ní kí oníkálukú máa sọ ohun tí ó wù ú nígbà gbogbo. Wọ́n yan ọjọ́, wọ́n yan ibi, wọ́n yan ẹnu tí yóò sọ ọ́. Bí ọjọ́ náà bá sì pé, ìjòyè gbọ́dọ̀ jókòó kí ó gbọ́.

Hubert Ògúndé ṣe ọlọ́pàá kí ó tó di òṣèré. Ní 1946, àwọn òyìnbó dá eré rẹ̀, Strike and Hunger, dúró ní Jọ́ọ̀sì, wọ́n sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. A lè ní òyìnbó kò mọ ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1964, Ẹgbẹ́ Ọmọ Olófin pè é wá ṣeré, ó sì ṣe Yorùbá Ronú, ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dà. Olóyè S. L. Akíntọ́lá, Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, bínú jáde. Láìpẹ́, ìjọba fi òfin de Ògúndé: kò gbọdọ̀ ṣeré ní Ìwọ̀-Oòrùn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí olóṣèlú ìgbà náà tí ó mọ àpárá dá tó Akíntọ́lá! Àpárá dídá dùn; gbígbà rẹ̀ ni iṣẹ́.

Ògúndé kò dákẹ́. Ó fi eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, dáhùn lọ́dún náà. Lẹ́yìn ìbò 1965, iná ràn ní Ìwọ̀-Oòrùn, ariwo wẹtíẹ̀ gba ìlú kan. N kò sọ pé eré tí a fòfin dè ni ó dá iná náà sílẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé a pa ẹnu òṣèré mọ́, ẹnu ìlú kò pa mọ́. Ní oṣù kejì 1966 ni Fájuyì, gómìnà ológun, tó tú òfin náà.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní 2004, ìjọba kò fẹ́ kí Jaga Jaga, orin Eedris Abdulkareem, máa dún lórí rédíò. Ní 2025, wọ́n tún fòfin de orin mìíràn tí ọkùnrin kan náà kọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí orin rẹ̀ tà, kí ó kúkú bẹ ìjọba kí wọ́n bá a fòfin dè é.

Nítorí náà mo ya ìwé mi. Ọ̀rọ̀ wà tí ó yẹ kí a dá lẹ́kun: irọ́ tí a pa mọ́ni, àti ọ̀rọ̀ tí ń ti ènìyàn lọ pa ọmọnìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé ìwé mi ti gbó, irọ́ kọ́. Mo ti tún un kọ. Bí ẹ bá ń ṣeré lọ́dún yìí, ẹ fi àga kan sílẹ̀ fún mi níwájú. Ibi kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ tún ṣe: ikán ni ó wà nínú ìwé náà, kì í ṣe aáyán.