Fíìmù kékeré, ohùn Rẹ́mọ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ṣàgámù àti Ìkẹ́nẹ́ tó fẹ́ fi fíìmù kékeré du ẹ̀bùn láàárín akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí bóyá Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ. Mo ní rárá o. Ní 1979, Hubert Ògúndé ará Ọ̀sọsà, nítòsí wa níbí, gbé Ayé jáde ní Yorùbá. Lọ́dún yẹn kan náà, Baara, fíìmù Souleymane Cissé ará Málì tó sọ èdè Bambara, ló gba ẹ̀bùn tó ga jù ní FESPACO, Ouagadougou. Ẹ bá mi sọ fún wọn: kí wọ́n sọ Rẹ́mọ, kí wọ́n kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán. Bí ọmọ Rẹ́mọ ò bá gbé e síbẹ̀, ta ni yóò gbé e?