Marvel Age àti Ìkéde Ìtàn Akọni Tí Ń Bọ̀

Marvel Age jẹ́ ìwé-ìròyìn olóṣooṣù tí ilé-iṣẹ́ Marvel Comics ní New York tẹ̀ jáde láti ọdún 1983 títí di ọdún 1994. Àtẹ̀jáde rẹ̀ jẹ́ 140. Kì í ṣe ìtàn akọni ni a gbé e kalẹ̀ fún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú àwọn ìwé tí kò tíì jáde fún àwọn olólùfẹ́ Spider-Man, X-Men àti àwọn akọni yòókù, láti fi àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán hàn wọ́n, kí ó sì mú kí wọ́n máa retí ọjọ́ tí ìwé náà yóò dé.

Àwọn mìíràn ti ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1964, Marvel dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn òǹkàwé rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Merry Marvel Marching Society. Ní ọdún 1973, ó bẹ̀rẹ̀ ìwé-ìròyìn FOOM, èyí tí ó jáde ní ìgbà 22 kí ó tó parí ní ọdún 1978. DC Comics, orogún rẹ̀ nínú òwò náà, sì gbé Amazing World of DC Comics jáde láàárín ọdún 1974 sí 1978.

Ìyípadà nínú ọ̀nà ìtajà ni ó jẹ́ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Tẹ́lẹ̀ rí, lórí àtẹ àwọn oníwèé-ìròyìn ni a ti ń ta ìwé àwọn akọni, a sì ń dá èyí tí kò bá tà padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Phil Seuling ṣe àdéhùn láti máa rà tààrà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù tí kò ta ohun mìíràn. Ẹ̀dínwó tí wọ́n ń rí gbà pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìwé tí ó bá kù di ti onísọ́ọ̀bù. Ní ọdún 1981, irú ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí nìkan ni Marvel ta ìwé àkọ́kọ́ Dazzler fún, iye tí ó tà sì lé ní 400,000. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ṣi iye ọjà gbé yóò jẹ gbèsè, nítorí náà ìròyìn ìtàn tí ń bọ̀ di ohun tí onísọ́ọ̀bù ń fi owó rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kéde ni ẹni tí ń tà. Marvel Age kò lè sọ pé ìwé Marvel kan kò dára. Olùkà ni ó ní láti fi ìyẹn sọ́kàn.

Ètò ìtajà yìí kò dé Niamey tàbí Èkó ní àkókò náà. Ọ̀nà mìíràn ni àwọn akọni gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Nìjẹ̀r, sinimá ni: ní ọdún 1966, Moustapha Alassane, ẹni tí ó bá Jean Rouch ṣiṣẹ́ ní Niamey, ṣe fíìmù kan nípa ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti Amẹ́ríkà dé pẹ̀lú aṣọ kọ́bọ́ì fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì sọ ìgbé ayé abúlé wọn di eré akọni. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ń lo èdè Faransé, ìwé Kouakou ni a ń pín fún àwọn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú owó ìjọba Faransé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìwé Atọ́ka fi àwòrán fọ́tò sọ eré àwọn ẹgbẹ́ òṣèré alárìnká di ohun tí a lè rà kà. Ní ọdún 1975, akọni tí a dá fún ọjà Nàìjíríà, Powerman, jáde. Ṣùgbọ́n ní ìlú ọba ni Dave Gibbons àti Brian Bolland ti ya àwòrán rẹ̀.

Lónìí, ìkéde náà ti sún mọ́ ilé. Lagos Comic Con bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, níbi tí àwọn ayàwòrán ti ń pàdé àwọn olólùfẹ́ wọn lójúkojú. Comic Republic, tí ó wà ní Èkó, sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìtàn Guardian Prime àti àwọn akọni mìíràn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ Niamey tí ó bá ní fóònù lè rí i ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ọmọ Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Àwọn ìwé-ìròyìn àtijọ́ bíi Marvel Age ti di ẹ̀rí fún òpìtàn báyìí: inú wọn ni a ti lè ka ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ṣèlérí, kí a sì fi wé ohun tí ó mú jáde.