Ìyá Ìwé àti Ẹ̀dà Rẹ̀

Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojúlówó ìwé àti fótókọ́pì. Ojúlówó wà nínú pọ́tímáǹtò. Fótókọ́pì ni wọ́n ń mú lọ bá lọ́yà. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú lẹ́tà àtijọ́ àti ìròyìn amóhùnmáwòrán, ọ̀rọ̀ méjì yìí kò gbé e.

Ẹ jẹ́ ká mú ìròyìn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959, orí bébà ni ohun tí wọ́n ń kà sí wa létí máa ń wá. A kò lè pe bébà náà ní ìwé ìròyìn. Ìyẹn ti di orúkọ àwọn bíi The Guardian. Àkọkà ni èmi yóò pè é: ohun tí a kọ kí a lè kà á fáráyé gbọ́. Ó kúrú, ó sì dùn-ún pè. Ó yẹ kó lórúkọ, nítorí téèpù wọ́n láyé ìgbà yẹn. BBC pàápàá pa ọ̀pọ̀ téèpù rẹ́ kí wọ́n lè tún un lò. Níbi tí àwòrán bá ti parẹ́, àkọkà nìkan ló lè sọ ohun tí wọ́n kéde.

Nígbà tí táípù ṣì wà lóde, wọ́n á fi bébà kábọ́ọ̀nù sáàárín bébà méjì. Tòkè ni wọ́n ń fi bíírò tún ṣe, tí òǹkàròyìn ń gbé lọ. Tìsàlẹ̀ ń wọ fáìlì. Èwo ni ojúlówó? Méjèèjì ni. Ayédèrú ni òdìkejì ojúlówó, kì í ṣe ẹ̀dà. Nítorí náà, mo fara mọ́ ìyá ìwé fún tòkè, kí ẹ̀dà dúró fún tìsàlẹ̀. (Fáìlì ní tirẹ̀ ti di Yorùbá, ẹ má ṣe jẹ́ ká wá orúkọ mìíràn fún un.)

Ti lẹ́tà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní oṣù Kejìlá, 1851, tí Òṣòdì Tápà, balógun rẹ̀, bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n bá àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi èdè Pọtogí kọ láàfin, lẹ́tà àwọn oníṣòwò òkè òkun. Ẹ yọ ẹyọ kan nínú wọn, ọ̀rọ̀ owó lásán ni. Ẹ kà wọ́n pọ̀, ẹ ó rí ẹni tó ń bá ọba ṣòwò ẹrú, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Irú ìwé tó ti ọwọ́ kan wá báyìí ni mo ń pè ní agboolé ìwé. Òfin àwọn olùtọ́jú sì le lórí rẹ̀: a kì í da agboolé kan pọ̀ mọ́ òmíràn.

Ilé ìkówèésí kọ́ ni ibi tí àwọn agboolé ìwé ń gbé. Ìwé tó bá sọnù níbẹ̀, a lè ra òmíràn. Ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ni kí a máa pe ibi tí wọ́n ń gbé, irú èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Bí ó bá kàn mí láti kọ nǹkan sára fáìlì ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kan, báyìí ni n ó ṣe kọ ọ́: “Àkọkà ìròyìn alẹ́. Ẹ̀dà ni, a kò rí ìyá ìwé. Agboolé: yàrá ìròyìn.”