Ohun Tí Ojú Àwọn Nàgó àti Ọmọ Onílẹ̀ Rí Nínú Ogun Bùràsíìlì

Àlejò tí ó bá dé Àjàṣẹ́, tí ó dúró níwájú Mọ́ṣáláṣí Ńlá, yóò rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bí ó bá béèrè, wọn yóò sọ fún un pé àwọn ọmọ Àgùdà ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ti rí i ní Bahia. Da Silva, d'Almeida, Paraïso: orúkọ wọ̀nyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọn kì í sábà sọ níbi ọdún ni ìyà tí àwọn baba ńlá wọn jẹ kí wọ́n tó padà wálé. Ìgbà tí Bùràsíìlì ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ Potogí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà lóko ẹrú níbẹ̀. Ogun náà kàn wọ́n, kò sì sí ẹni tí ó bi wọ́n bí wọ́n bá fẹ́ jà.

Bí wọ́n ṣe dé ọ̀hún kò ṣòro láti mọ̀. Dànhọ̀mẹ̀ ń kó ìlú Nàgó, Ọ̀yọ́ ń tú, wọ́n sì ń da àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Wídà, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Ní Bahia, Nàgó ni wọ́n pè wọ́n, orúkọ tí ilé ṣì ń jẹ́ dòní. Ilé òrìṣà kan wà ní Salvador tí ń jẹ́ Alákétu. Ìtàn tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ ni pé ọmọbìnrin kan láti ìdílé Arò ní Kétu ni ó dá a sílẹ̀. Ará Kétu tí ó bá gbọ́ èyí yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 1822, Pedro, ọmọ ọba Potogí, kéde pé Bùràsíìlì ti di òmìnira. Ṣùgbọ́n ní Bahia, àwọn ṣọ́jà Potogí tí Madeira de Melo ń darí kò kúrò ní Salvador. Àwọn olóko ìrèké tí ó yí ìlú ká kó ogun jọ. Wọ́n rán ará Faransé kan, Pierre Labatut, wá láti jẹ́ ọ̀gágun wọn. Ènìyàn kò tó Labatut, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹrú ṣe ọmọ ogun, pàápàá àwọn tí olówó wọn jẹ́ Potogí tí ó ti sá lọ. Àwọn olóko bínú gidigidi. Wọ́n fẹ́ òmìnira, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ ẹrú wọn.

Lẹ́yìn ìjà ńlá tí ó wáyé ní Pirajá ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá 1822, àwọn ẹrú bí igba kan kọ lu àwọn ọmọ ogun Labatut lágbègbè yẹn kan náà. Wọ́n ní àwọn Potogí ni ó tì wọ́n síta. Labatut ní kí wọ́n yin àwọn tí ó lé ní àádọ́ta níbọn, kí wọ́n sì na àwọn obìnrin wọn lẹ́gba. Ọ̀gágun kan náà tí ó ń fún ẹrú ní ìbọn ni èyí o! Lójú ẹni tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Potogí àti ọmọ Bùràsíìlì kò tó nǹkan.

Wọ́n yọ Labatut nípò ní oṣù Karùn-ún 1823. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje, ogun Bùràsíìlì wọ Salvador. Ọ̀gágun tuntun, Lima e Silva, ni ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe dá àwọn tí ó ti jà padà sí oko ẹrú. Ìjọba gbà lóṣù yẹn kan náà: kí olówó wọn dá wọn sílẹ̀, bí ó bá kọ̀, kí ìjọba san owó fún un. Ọ̀nà àbáyọ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún ìwọ̀nba ènìyàn ni. Ẹni tí kò gbé ìbọn ń gé ìrèké lọ, ọkọ̀ ẹrú sì ń gúnlẹ̀ síbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìjọba tuntun fi bá ìjà pàdé láti ọ̀dọ̀ Nàgó fúnra wọn. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú 25 oṣù Kínní 1835, àwọn Ìmàle, tí Nàgó pọ̀ jù nínú wọn, dìde ní Salvador. Àwọn tí ó kú lé ní àádọ́rin. Wọ́n na àwọn kan ní ẹgba ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti ra ara rẹ̀ padà sínú ọkọ̀ wá sí etíkun Áfíríkà. Ibẹ̀ ni ìtàn àwọn Àgùdà kan ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ ńkọ́? Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 1808 ni João, ẹni tí ń ṣàkóso fún Potogí, ti kéde ogun lórí àwọn Botocudo, ó sì fàyè gbà pé kí ẹni tí ó bá mú wọn lójú ogun lò wọ́n bí ẹrú fún ọdún mẹ́wàá. Òmìnira dé ní 1822, àṣẹ náà kò kúrò; ó di 1831 kí wọ́n tó fagi lé e. Síbẹ̀, ère ọmọ onílẹ̀, Caboclo, ni wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ gbé yí Salvador ká ní gbogbo ọjọ́ 2 oṣù Keje, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé ère rẹ̀ sókè, wọ́n lé àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà, wọ́n ń bọ Caboclo gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ará Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ tí kò jẹ́ kọ́lé kí ó má kí onílẹ̀.

Ogun Paraguay tẹ̀ lé e, láti 1864 dé 1870. Olówó ń fi ẹrú rọ́pò ọmọ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1866, ìjọba dá àwọn ẹrú tirẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè lọ jà. Àwọn Terena, ọmọ onílẹ̀ Mato Grosso, bá Bùràsíìlì jà. Nígbà tí ogun parí, àwọn olówó ti ń da màlúù lórí ilẹ̀ wọn.

Ọmọ Bahia kan wà níbi ogun yẹn, Cândido da Fonseca Galvão. Ẹrú tí ó gba òmìnira ni baba rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ń sọ pé ọmọ-ọmọ Aláàfin Abíọ́dún ni òun. Ó bá àwọn Zuavo, ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú, lọ, ó sì fara gbọgbẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ní 1872 wọ́n fi oyè ọ̀gá ọmọ ogun dá a lọ́lá. Ní Rio de Janeiro ó ń pe ara rẹ̀ ní Dom Obá II d'África. Àwọn ọlọ́lá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn aláwọ̀ dúdú sì ń kúnlẹ̀ kí i lójú pópó. Ó ń wọ aṣọ ogun rẹ̀ lọ kí ọba Pedro II láàfin, ó sì ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn lòdì sí ẹgba àti sí fífi àwọ̀ ya ènìyàn sọ́tọ̀.

Ó rí òpin ẹrú ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 1888. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ológun lé ọba lọ. Ìjọba tuntun gba oyè náà padà lọ́wọ́ Galvão, nítorí pé ó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ ọba. Ó kú ní 1890.