Igbà Akọ̀pẹ: Okùn Kan Ṣoṣo Láàárín Òkè àti Ilẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Òwe yìí kan akọ̀pẹ náà. Bí ọkùnrin kan bá já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé iṣẹ́ tó ń ṣe ló pa á. Wọn yóò dárò rẹ̀, wọn yóò sì sin ín. Bí kò bá kú, wọn yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eegun tàbí sí ilé ìwòsàn. Ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sábà bi: kí ló ṣe igbà?

Igbà ni okùn nípọn tí akọ̀pẹ àti adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Ní Ìjerò, Aramọkọ, Ẹ̀fọ̀n Aláàyè àti àwọn ìlú tó yí wọn ká ní ìwọ̀ oòrùn Èkìtì, níbi tí ọ̀pẹ ti ń hù fúnra rẹ̀ láàárín àwọn òkè àti lẹ́bàá odò, igbà ti wà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa kòkó. Ó máa ń yí ọ̀pẹ àti ẹ̀yìn akọ̀pẹ ká bí òrùka. Akọ̀pẹ a fi ẹsẹ̀ ti ara igi, a fi ẹ̀yìn ti okùn. Bí ó ti ń fi ìwọ̀n ara rẹ̀ fà sẹ́yìn ni igbà ń fún mọ́ ọ̀pẹ. Nígbà tó bá fẹ́ gòkè, yóò sún mọ́ igi kí okùn lè dẹ̀, yóò ju igbà sókè, yóò tún fẹ̀yìn tì í, yóò sì gbé ẹsẹ̀. Bí ó bá dé òkè, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo láti gé ìdì ẹyìn tàbí láti so akèrègbè mọ́ ibi tó dá ẹmu sí. Ìwọ̀n ara tó lè pa á bí ó bá já bọ́ náà ló ń dì í mú sókè.

Àwọn baba tó ṣe iṣẹ́ yìí kì í ṣe aláìgbọ́n. Akọ̀pẹ tó mọṣẹ́ a yẹ igbà wò láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì kí ó tó so ó, a wo ojú ìdè rẹ̀, a sì fà á wò nílẹ̀. A máa ṣọ́ra fún ọ̀pẹ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, nítorí ara rẹ̀ ń yọ̀. A máa fetí sí agbọ́n, a máa wo ejò láàárín imọ̀, a sì máa mọ ibi tí ojú àdá kọ sí. Ọ̀nà ààbò ni gbogbo èyí, ọmọ sì ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ baba.

Ṣùgbọ́n igbà kan ṣoṣo ló wà. Bí àdá bá ṣèèṣì gé e, bí inú rẹ̀ bá ti jẹrà láìhàn síta, tàbí bí ìdè bá tú, kò sí okùn kejì. Ọ̀pẹ inú igbó lè ga ju mítà 20 lọ, èyí tó tó ilé alájà mẹ́fà. Ẹni tó bá já bọ́ láti ibẹ̀ tí kò kú lè fi eegun ẹ̀yìn ṣe é, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì má ṣiṣẹ́ mọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn dókítà ní Nàìjíríà ti ń ka jíjá bọ́ lórí ọ̀pẹ mọ́ ohun tó ń fa irú ìpalára bẹ́ẹ̀.

Ìtàn òwò epo fi hàn bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, epo pupa di ọjà pàtàkì ní etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, nítorí àwọn aláwọ̀ funfun ń fi ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, wọ́n sì ń fi pa ẹ̀rọ. Ní 1939, ìjọba amúnisìn dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ nítòsí Benin, èyí tí a mọ̀ sí NIFOR lónìí. Láàárín àwọn ọdún 1940, ẹ̀rọ ìfúnpo ń dé àwọn apá kan Nàìjíríà. Wọ́n tún irúgbìn ṣe, wọ́n sì tún epo fífún ṣe. Ohun tó wà nídìí ọ̀pẹ yí padà. Ohun tó gbé akọ̀pẹ dé orí rẹ̀ kò yí padà. Òótọ́ ni pé ọ̀pẹ tuntun tí kò ga ti dín ewu kù fún àwọn tó ní oko ńlá, nítorí wọ́n lè dúró nílẹ̀ gé ẹyìn. Ọ̀pẹ àtijọ́ tó wà nínú igbó ṣì ń béèrè igbà.

Ní 1952, ìwé Amos Tutuola tó ń jẹ́ The Palm-Wine Drinkard jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo ìrìn àjò inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí adẹ́mu kan já bọ́ lórí ọ̀pẹ, tó sì kú, tí ọ̀gá rẹ̀ sì wá a lọ dé ìlú àwọn òkú. Òǹkàwé káàkiri ayé mọ ohun tí ọ̀mùtí náà rí lọ́nà. Díẹ̀ nínú wọn ló dúró nídìí ọ̀pẹ náà.

Níbòmíràn, ikú máa ń mú kí wọ́n yẹ okùn wò. Eré kan wà lórí omi, tí aṣọ ńlá kan tí afẹ́fẹ́ gbé sókè ti ń fa ènìyàn. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Legaignoux ní ilẹ̀ Faransé ló forúkọ ọ̀kan lára irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 1984. Okùn rẹ̀ so mọ́ ọ̀pá tí eléré dì mú àti bẹ́líìtì tó sán mọ́ ìbàdí. Bí afẹ́fẹ́ bá le jù, okùn tí kò tú lè wọ́ eléré lọ sí ikú. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbi ìdíje kan ní Fehmarn, ní Jámánì, ní 2002. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n tún ọ̀pá náà ṣe: bí eléré bá ti ohun ìtúsílẹ̀ síwájú, agbára aṣọ náà á tán, yóò wá rọ̀ mọ́ okùn kan; bí ìyẹn kò bá tó, ìtúsílẹ̀ kejì wà. Ní 2020, àjọ ISO gbé ìlànà jáde lórí bí a ṣe gbọ́dọ̀ dán an wò. Títú ni ààbò tiwọn, dídìmú sì ni ti igbà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà pé ohun ààbò kan kò tó.

Bí ẹnì kan bá wí pé eré olówó nìyẹn, kí ó wo àwọn tó ń gun àgbọn ní Kerala, ní Íńdíà. Ní 2011, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àgbọn bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ onírin gun igi, tó sì fi adójútòfò tì wọ́n lẹ́yìn. Ní Nàìjíríà, òfin 2010 lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tó fara pa ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí agbanisíṣẹ́ gbà. Akọ̀pẹ tó gun ọ̀pẹ olóko kan lónìí, tó gun ti ẹlòmíràn lọ́la, kì í sábà ní agbanisíṣẹ́ lórí ìwé.

Okùn kejì tó so mọ́ ara akọ̀pẹ lọ́tọ̀ kò ju agbára ìjọba ìbílẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ju agbára ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lọ. Ikú odò lè pa òmùwẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí okùn bá já, iṣẹ́ kọ́ ló pa ènìyàn. Okùn ni, àti àwa tí a kò bèèrè rẹ̀.